Wákàtí Mẹ́fà Àtààbọ̀ Tí Mo Fi Tan Bàbá Mi

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ìfaradà gbogbo wa. Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó mú gègé. Ilẹ̀ yàrá tí mo ń gbé ní ìlú Leeds níbí tutù bí omi àmù lásìkò ọyẹ́, ṣùgbọ́n mo dọ̀bálẹ̀ náà ni, àyà mi kanlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rí mi àfi Ọlọ́run. Ẹ bá mi kí Ìyá mi. Ẹ sọ fún wọn pé mo ti ń wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì léra wọn bí wọ́n ṣe pa á láṣẹ, kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mi ṣe ìyọnu mọ́. Ẹ bá mi kí Wàsíù àbúrò mi, ẹni tó ń ṣe ojúṣe tirẹ̀ tó tún ń ṣe tèmi mọ́ ọn. Sìdíkátù àbíkẹ́yìn yín ni n kò ní kí púpọ̀, nítorí òun ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí, bí mo bá sì yìn ín jù, ibẹ̀ ni yóò máa kà ní àkàtúnkà. Sìdí, kà á bí mo ṣe kọ ọ́ o. Má fo ibì kankan nítorí pé Ìyá ń sunkún.

Ẹ má bínú pé mo jẹ́ kí àwọn oníwèé ìròyìn rí ọ̀rọ̀ ilé wa kó tó dé etí yín. Irọ́ kan wà lọ́rùn mi tí mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kì í sì ṣe èmi nìkan ni mo pa á. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn tó wà lókè òkun ló pa irú rẹ̀ fún òbí wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá ka èyí, kí òun náà yáa pe ilé.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni Sìdí pè mí, mo ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán lọ́wọ́ níbi iṣẹ́. Ohùn rẹ̀ kò dà bíi ti ìgbà tó bá fẹ́ tọrọ nǹkan. Ó ní nígbà tí ẹ ti ìrun Jímọ̀ dé, ẹ ní kí wọ́n bá yín pe Lèmọ́mù agbo-ilé wa, ẹ ní kí Ìyá àti Wàsíù náà wá jókòó. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti lé ní ọgọ́rin ọdún, pé dírẹ́bà tó bá ti rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ yẹ kó sọ bí wọn yóò ṣe já ẹrù òun. Ẹ ní lọ́jọ́ tí ọlọ́jọ́ bá dé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wẹ̀ yín àfi èmi Mùfútáù, àkọ́bí yín. Lèmọ́mù ní òkè òkun ni ọmọ yín wà, ẹ̀sìn wa kò sì fẹ́ kí a dá òkú dúró. Ẹ ní ta ló fẹ́ dá òkú dúró? Ẹ ní wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀ ni bàálù ń gbà láti ọ̀dọ̀ mi, pé ẹnu èmi gan-an lẹ ti gbọ́ ọ. Ẹ ní bó bá ṣẹlẹ̀ ní Àsùbáà, kí wọ́n ṣá ti pè mí, n ó dé kí wọ́n tó pe ìrun Àlàásàrì, n ó wẹ̀ yín, wọn yóò sì gbé yín wọ sàréè kí oòrùn tó wọ̀.

Sìdí ní Lèmọ́mù ń wo ẹní tó wà nílẹ̀. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. Wàsíù dìde jẹ́ẹ́. Wàsíù tí kì í ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ bọ́ agbádá, ó wọ aṣọ mẹkáníìkì rẹ̀, ó sì kọrí sí ṣọ́ọ̀bù ní Mọ́lété. Oúnjẹ tí Ìyá bò sílẹ̀ dè é, bẹ́ẹ̀ ló wà. Èmi náà kò lè parí tèmi.

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ọjọ́ tí mo ń lọ. Ó ti pé ọdún mẹ́fà báyìí. Orúnkún ń dùn yín lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ ẹ yí ọkọ̀ tó fẹ́ gbé mi lọ sí Èkó po, ẹ ń fi ẹsẹ̀ gbá táyà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní kí dírẹ́bà ṣí bọ́ọ̀tù kí ẹ rí táyà sípíà. Ẹ bi í pé ìgbà wo ló yí ọ́ìlì kẹ́yìn. Ojú ọmọkùnrin yẹn ti ń le, mo ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn yín. Lẹ́yìn náà lẹ wá di ọwọ́ mi mú níwájú ilé wa ní Bẹyẹrunka, ẹ béèrè bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó. Mo gbójú sókè, mo rí omi lójú yín. N kò rí i rí. Ọjọ́ tí ọkọ̀ yín dojú dé lọ́nà Tẹ́gínà, tí ẹ fi orí dídì wálé, ẹ̀rín lẹ ń rín, ẹ ní obì tí ẹ ń kó lọ sí Kánò ló fara pa jù. Èmi tí n kò rí omijé yín rí, kí ni mo fẹ́ ṣe? Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu ni mo sọ. Mo ní Bàbá, wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀ péré ni, kò tó Kánò rárá.

Ara yín wálẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ ní ṣé lóòótọ́ ni kò tó Kánò. Mo ní kò tó ìdajì rẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ fi ọwọ́ gbá mi lẹ́yìn, ẹ ní kí n máa lọ, Ọlọ́run yóò ṣíwájú. Inú mi dùn sí ara mi bí ọkọ̀ ṣe ń sọ̀ lọ sí Mọ́lété. Mo rò pé mo ti ṣe ọmọ gidi.

Àṣé ẹ ti gbé e délé, ẹ ti ṣírò rẹ̀. Ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún wa obì láti Ìbàdàn lọ sí Kánò, tó fi àlùbọ́sà bọ̀, kò lè gbọ́ wákàtí kó má wá ibi tó bọ́ sí. Sìdí ló sọ fún mi nígbà náà pé ẹ ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà pé ọmọ yín kò jìnnà. Ẹ ní lọ́ọ̀rì tó bá gbéra ní Ìbàdàn lówùúrọ̀, tí ìyọnu kò bá bá a, ibi tí wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀ yóò bá a ni iwájú Jẹ́bà díẹ̀, lápá ibi tí ẹ ti máa ń dúró jẹ ẹja. Ibẹ̀ ni mo wà. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi dùn mí. Láti ìgbà náà, bí mo bá pè yín, ẹ ó bi mí pé báwo ni ará Jẹ́bà, ṣé ẹja pọ̀. Mo máa ń ní ẹja pọ̀. Ẹ wo bí irọ́ ṣe ń bímọ.

Ṣùgbọ́n ní ọdún kẹta, ohùn yín yí padà díẹ̀. Ẹ ní nígbà tí ìyá yín dùbúlẹ̀ àìsàn, Kánò lẹ wà, wọ́n ránṣẹ́ sí yín nípasẹ̀ dírẹ́bà mìíràn, ẹ fi ẹrù sílẹ̀ fún ẹlòmíràn ẹ sì dé Ìbàdàn lọ́jọ́ kejì. Ẹ ní èmi tí mo wà ní Jẹ́bà, kí ló ń dá mi dúró? Ẹ fi ẹ̀rín gbè é, èmi náà fi ẹ̀rín gbà á, mo ní iṣẹ́ ló pọ̀.

Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ka ìrìn. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí àwọn dírẹ́bà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọkọ̀ bá ń fọ́nnu níwájú ilé wa pé ọjọ́ kan ṣoṣo làwọn fi dé Kánò, ẹ máa ń bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n so tapólì tí wọ́n fi bo ẹrù, ìgbà wo ni wọ́n sì tú u. Ẹ ní ẹni tó bá ń ka ìrìn láti ìgbà tí táyà bẹ̀rẹ̀ sí í yí kì í ṣe dírẹ́bà, èrò ọkọ̀ ni. Láti ìgbà tí ẹ ti ń to apẹ̀rẹ̀ obì, tí ẹ ń fi ewé bò ó, tí ẹ ń so tapólì lé e lórí, ìrìn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sì tíì parí títí ẹni tó ni ọjà yóò fi tú tapólì ní Kánò, tí yóò fi ọwọ́ kan obì. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láìmọye ìgbà. Èmi tí mo gbọ́ ọ náà ni mo wá dúró níwájú yín tí mo ka ìrìn bí èrò ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá kà á fún yín bí dírẹ́bà. Wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀ ni bàálù fi ń wà lójú òfúrufú láti Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó. Òótọ́ ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi kì í gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, bàálù kì í sì í balẹ̀ sí òkè Mápó. Láti Leeds, bọ́ọ̀sì ń gbà tó wákàtí márùn-ún kó tó dé pápá ọkọ̀ òfúrufú, bí ọ̀nà bá dára. Wọ́n fẹ́ kí èrò ti wà níbẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú, kí wọ́n yẹ ẹrù wò, kí wọ́n yẹ ara wò, kí a bọ́ bàtà, kí a bọ́ bẹ́líìtì, kí àgbàlagbà di ṣòkòtò rẹ̀ mú lójú gbogbo ayé. Bí a bá balẹ̀ sí Èkó, a ó tò fún pásípọ́ọ̀tù, a ó dúró de ẹrù, wákàtí méjì ti lọ níbẹ̀. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Bó bá wù ú, á gba wákàtí mẹ́ta. Bí kò bá wù ú, á gba márùn-ún. Láti ìgbà tí a bá wọ Ìbàdàn títí a ó fi la Bẹẹrẹ kọjá dé ẹnu ọ̀nà wa, ẹ fi wákàtí kan kún un. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò, Bàbá. Ó ti lé ní ogún wákàtí, a kò sì tíì so tapólì.

Tapólì ńkọ́? Bàálù kì í ṣe ọkọ̀ Mọ́lété, tó bá kún kó gbéra. Ó ní ọjọ́ tirẹ̀, ó ní àkókò tirẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ìjókòó ti tán títí di ọ̀túnla. N ó tọrọ àyè níbi iṣẹ́, wọn yóò wá ẹni tó máa ṣe tèmi. Bí ẹ bá pè mí ní Àsùbáà, tí gbogbo nǹkan sì lọ geere, tí ìjì kò jà, tí ẹnikẹ́ni kò bi mí léèrè kan ju èkejì lọ, Àílà ọjọ́ kejì ni n ó tó fojú kan ilé. Àlàásàrì ọjọ́ náà kò sí nínú rẹ̀. Kò sí i rárá, Bàbá. Wọn ì bá tẹ́ yín sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí Lèmọ́mù máa wo aago, kí Ìyá máa wo òpópónà, kí àwọn ará ilé máa bi ara wọn léèrè pé irú ọmọ wo nìyí. Nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fi nu omijé nù.

Wàsíù mọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti fi fóònù rẹ̀ wọ̀n ọ́n wò, ó ní bí ẹyẹ bá fò tààrà láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, ó tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún kìlómítà, bẹ́ẹ̀ Ìbàdàn sí Kánò tí ẹ fi ayé yín rìn kò tó ẹgbẹ̀rún kan. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún yín. Kò sọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, gbólóhùn kan ṣoṣo ì bá tú mi fó níwájú Lèmọ́mù, síbẹ̀ ó yàn láti dìde kó lọ máa tú ẹ́ńjìnnì.

Ẹ ó bi mí pé kí ló wá dá mi dúró fún ọdún mẹ́fà. Fún ọdún márùn-ún, ìwé ni. Òfin wọn ni pé ẹni tó bá ti kọ̀wé béèrè ìwé ìgbélùú, tó bá jáde kúrò nílùú kí wọ́n tó dá a lóhùn, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìwé náà ya. Nítorí náà mo jókòó. Mo ń wo òjò ibí tí kì í rọ̀ kó dá, tó kàn ń kùn bí ẹni tí ń bú èèyàn lábẹ́ ahọ́n. Òtútù ti mọ́ mi lára, àìgbọ́ orúkọ mi ni kò tíì mọ́ mi lára. Mùf ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́, bí ẹni tí ń fẹ́ná. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kí n tó gbọ́ kí ẹnìkan pè mí ní Àjàní, ẹ̀yin náà sì ni, lórí fóònù. Nígbà ooru wọn, aago wa dọ́gba pẹ̀lú tiyín. Nígbà òtútù, wákàtí kan péré lẹ fi ṣáájú wa. Bí mo bá rántí pé ìrun tí mo ń kí lẹ̀yin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kí tán, ó máa ń dà bí ẹni pé ilé wà lẹ́yìn ògiri, pé irọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe, n kò tíì sọ ọ́ fún yín ní kíkún. Mo ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni, ẹ sì rò pé mo ń fún wọn ní oògùn. Bàbá, mo ń wẹ̀ wọ́n. Láràárọ̀, mo máa ń wẹ ọkùnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ọ̀kan wà nínú wọn tí ó ń jẹ́ Jọ́ọ̀jì, alápatà ni nígbà tí ara rẹ̀ le. Bí omi kò bá gbóná tó, á bú mi dáadáa, bó bá sì gbóná tó, á máa kọrin. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ pé ẹsẹ̀ àgbàlagbà ni a ń kọ́kọ́ da omi sí, kí ara má baà ta gìrì. Mo kọ́ bí a ṣe ń bo ibi tí a kò tíì fọ̀, kí ìtìjú má baà mú un, àti bí a ṣe ń gbé apá tó ti le tí kò fi ní dun olúwa rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń fọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó kàn sọ sí mi lọ́kàn pé láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò fọ ẹ̀yìn yín rí. Mo ti fọ ẹ̀yìn bàbá àwọn ẹlòmíràn láìmọye. Jọ́ọ̀jì bi mí pé kí ló dé tí mo dúró, mo ní ọṣẹ ló wọ̀ mí lójú.

Ó kú lọ́dún tó kọjá. Wọ́n tọ́jú òkú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó sin ín, torí ọmọ rẹ̀ obìnrin ti lọ gba ìsinmi, kò sì fẹ́ gé ìsinmi náà kúrú. Bí tiwọn ṣe rí nìyẹn, n kò bú wọn. Ìdí nìyẹn tí ó fi ṣòro fún ọ̀gá mi láti lóye ẹ̀rù mi nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yín fún un. Obìnrin náà ní kí ló ń kán wa lójú, ṣebí wọn yóò gbé yín sínú yìnyín dè mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́ nílé wa. Mo ní nílé wa, ẹni tó bá kú lówùúrọ̀ kì í jẹ́ àlejò ilé ara rẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó ní kí ni mo wá ń ṣe níbí?

Ìbéèrè yẹn ló fa ìjẹ́wọ́ mi kejì, Bàbá, òun ló sì wúwo jù. Ìwé náà ti jáde. Ó ti pé ọdún kan báyìí tó ti wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, n kò sọ fún Wàsíù pàápàá. Mo fẹ́ kó owó jọ kí n tó wá. Mo ń ro ẹni tí yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa, tí yóò máa wò mí láti òkè délẹ̀, tí yóò sọ pé ọdún mẹ́fà ní òkè òkun, ṣé báyìí ló ṣe rí. Mo ní kí n kọ́kọ́ ra ilẹ̀, kí n kọ́kọ́ ra ọkọ̀, kí àpótí mi pé mẹ́rin. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ tó ogún ọdún tó fi rẹ̀ mí. Ojú ayé ló dá mi dúró fún ọdún kan gbáko, kì í ṣe òkun. Ẹ dárí jì mí.

Mo pe Wàsíù lọ́jọ́ Àìkú. Kò gbé e lẹ́ẹ̀kíní, kò gbé e lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó gbé e, mo gbọ́ ìró irin lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo tọrọ àforíjì. Ó ní kò sí nǹkan kan, pé ọ̀rọ̀ yín ni àṣẹ, bó bá di ọjọ́ náà, òun yóò bẹ gbogbo ilé kí wọ́n dúró dè mí títí n ó fi dé, bí Lèmọ́mù tilẹ̀ ń bínú. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé kí ni òun ṣe tí ọwọ́ òun kò fi yẹ. Ọmọ tó jókòó tì yín bi èmi tí mo sá lọ pé kí ni òun ṣe.

Ta ló ń gé èékánná yín ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ nítorí Jímọ̀? Ta ló gbé yín pọ̀n lọ́dún tí òjò bo ojú ọ̀nà, tí ọkọ̀ kò lè wọlé wá gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn? Bí orúnkún bá mú yín dé gongo, ta ló ń fi èjìká gbà yín dé balùwẹ̀, tó ń dúró sẹ́yìn ìlẹ̀kùn tó ń wúkọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé òun ṣì wà níbẹ̀? Owó tí mo ń fi ránṣẹ́ ra oògùn, n kò kọ̀, ṣùgbọ́n kò gé èékánná rí. Ẹni tó bá ti mọ ibi tó ń dùn yín ni ó yẹ kó fọwọ́ kàn yín kẹ́yìn. Àkọ́bí ni mí lóòótọ́, ẹ kò sì ṣì í pé ẹ fẹ́ ọwọ́ mi. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Mo mọ̀ pé ó jẹ́ ọ̀nà tí ẹ fi ń sọ pé kí n wálé, ẹ̀yin tí ẹ kò ní bẹ ọmọ láéláé.

Mo ń bọ̀ wálé. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì lánàá. Jímọ̀ kẹta sí èyí, bí Ọlọ́run bá fẹ́, n ó wà nílé, ọ̀gá mi sì ti fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àpótí kan ni n ó gbé wá, ìlàjì rẹ̀ sì jẹ́ ìbọ̀sẹ̀ fún Ìyá, kí àwọn náà fojú rí nǹkan. Ẹni tó bá fẹ́ wò mí láti òkè délẹ̀, kó wá ìjókòó tó dára. Àjò kò dùn kí onílé má relé.

Nǹkan méjì péré ni mo tọrọ. Èkíní, kí n tó dé, ẹ ránṣẹ́ pe Lèmọ́mù padà. Ẹ jẹ́ kí Ìyá jókòó, ẹ jẹ́ kí Wàsíù jókòó síwájú yín gan-an, lọ́jọ́ tí kò wọ aṣọ iṣẹ́. Ẹ sọ fún wọn pé lọ́jọ́ tí ọlọ́jọ́ bá dé, tí Ọlọ́run yóò jẹ́ kó jìnnà, Wàsíù ni yóò wẹ̀ yín, pé èmi àgbà rẹ̀ ni mo yọ̀ǹda, pé ẹ fọwọ́ sí i. Kí wọ́n pè mí, n ó sunkún níbi tí mo bá wà, kí wọ́n sì máa gbé yín lọ ní wákàtí tí ẹ̀sìn là sílẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ yín lé e lórí níwájú Lèmọ́mù, kó lè mọ̀ pé kò sí nǹkan kan tó ṣe ọwọ́ òun.

Èkejì, ẹ fún mi ní òwúrọ̀ mi. Fún gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí Wàsíù máa sùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ dáadáa. Èmi ni n ó gbé omi kaná. Èmi ni n ó mú kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú. Ẹsẹ̀ yín ni n ó kọ́kọ́ da omi sí. Ẹ ó sọ fún mi bí kò bá gbóná tó, ẹ ó sọ fún mi bí mo bá ń fi agbára fọ ẹ̀yìn, ẹ ó bú mi bó bá yẹ. Mo fẹ́ gbọ́ èébú náà.

Ọlọ́run yóò fún yín ní ìlera, orúnkún yín yóò gbọ́ràn, Ìyá mi yóò jẹ ọmọ pẹ́. Ilé wa kò ní dahoro. Ẹ bá mi kí Lèmọ́mù, kí wọ́n forí jì mí fún ìyọnu tí mo fẹ́ kó wọn sí. Ẹ bá mi kí àwọn ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ìyá wa nínú agbo-ilé, àti gbogbo ẹni tó bá béèrè mi láti Bẹyẹrunka dé Ọjà'ba. Sìdí, o ṣeun, mo mọ̀ pé ohùn rẹ ti há.

Lọ́jọ́ ọ̀hún, Bàbá, ẹ má dúró dè mí. Ìsinsìnyí ni mo bẹ̀ yín, ẹ dúró dè mí.

Èmi ni ọmọ yín,
Mùfútáù Àjàní